Mówà Kò Jí Lẹ́yìn Ẹ̀ẹ̀rùn: Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Nílé Kí Ẹ Tó Gbé E Lọ Sọ́dọ̀ Mẹkáníìkì

Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kẹrin, tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ láàárọ̀ dalẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí: "Injiníà, mówà yìí ṣiṣẹ́ dáadáa kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Mi ò yá ẹnikẹ́ni. Mo fà á títí apá fi ń ro mí, kò dáhùn. Kí ló ṣe é?" Olùṣọ́ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì á béèrè, ọ̀gá ilé ìwé á béèrè, àwọn tó ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ lágbègbè LAUTECH náà á béèrè.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn kan ló wà níbẹ̀. Bẹntiróòlù tí ẹ fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti oṣù kọkànlá ti gbẹ sínú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì, ó sì ti dí ihò tí epo ń gbà kọjá. Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló dí.

Ẹ tẹ̀lé àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí mo ṣe tò wọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra nǹkankan àyàfi tí ẹ bá dé ibi tí mo ti ní kí ẹ rà á. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ti ra kọ́ìlì (ohun tó ń pèsè iná ẹ́ńjìnnì), tó ra kabúrétọ̀ tuntun, nígbà tó jẹ́ pé okùn wáyà kan ṣoṣo ni ì bá fi tún un ṣe.

Mówà tí à ń tì, tí ó ní ibi tí à ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí lọ́tọ̀, ni mo ń sọ nípa rẹ̀. Brush cutter tí à ń gbé kọ́ èjìká ní abala tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

- Ẹ yọ wáyà tó dé orí púlọ́ọ̀gì (ohun tó ń ta iná sínú ẹ́ńjìnnì), kí ẹ sì tì í jìnnà sí i. Bí wáyà yìí bá ṣì wà lórí rẹ̀ tí ẹ fi ọwọ́ yí abẹ nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè jí lójijì. Ìka kì í hù padà.
- Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa. Bẹntiróòlù tó kán sórí sàléńsà gbígbóná, iná ni.
- Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, jìnnà sí sítóòfù, sìgá àti jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó rùn sí i.
- Bí ẹ bá fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè kí púlọ́ọ̀gì kọjú sí ojú ọ̀run. Bó bá di dandan kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ tí kabúrétọ̀ àti fílítà wà jẹ́ òkè. Ẹni tó bá dà á kodò lódìkejì, ọ́ìlì á wọ fílítà, á wọ sílíńdà, ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkankan á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín funfun.

Ohun tí ẹ máa nílò

- sípánà púlọ́ọ̀gì, sípánà 10 àti sukudíráfà
- búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó àti àkísà mímọ́
- abọ́ fífẹ̀ tí nǹkan kéékèèké kò ti ní sọnù
- okùn bàbà tín-ín-rín kan láti inú wáyà iná
- lítà bẹntiróòlù tuntun kan
- carb cleaner alágolo (oògùn ìfọ kabúrétọ̀) bí ẹ bá rí i rà. Bí kò bá sí, bẹntiróòlù tuntun tó
- fóònù, kí ẹ lè ya àwòrán kí ẹ tó tú ohunkóhun

Láti inú tẹ́ǹkì dé inú kabúrétọ̀

1. Ẹ fa epo àtijọ́ kúrò. Ẹ ṣí tẹ́ǹkì kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bẹntiróòlù tuntun máa ń ta ni nímú. Èyí tó ti sùn máa ń rùn bí ọ̀dà ilẹ̀kùn, àwọ̀ rẹ̀ á sì ti pọ́n. Epo tó bá ti lò ju oṣù kan lọ nínú tẹ́ǹkì, ẹ máa fura sí i. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti gbé bẹntiróòlù jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pàápàá láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá tíì yí padà, tí omi tàbí ọ́ìlì kò sì sí nínú rẹ̀, ẹ lè da díẹ̀ mọ́ tẹ́ǹkì ọkọ̀ tó kún. Èyí tó ti pọ́n, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì tó ń fi epo fọ irin. Ẹ má dà á sí gọ́tà.

2. Ẹ da epo tuntun sí i, kí ẹ dán an wò. Ìdajì lítà tó. Ẹ dá wáyà púlọ́ọ̀gì padà, ẹ fa ṣọ́ọ̀kì (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ́ńjìnnì tutù lè jí), ẹ tẹ rọ́bà tó ń fa epo lẹ́ẹ̀mẹta bí tiyín bá ní i, kí ẹ sì fún irin tó wà lára ọwọ́ mówà mọ́ra kí ẹ tó fa okùn. Ibi irin yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ẹ kò bá fún un mọ́ra, iná kò ní dé púlọ́ọ̀gì, ẹ lè fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí kò bá jí lẹ́yìn fífà mẹ́wàá, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ tún yọ wáyà náà.

3. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Àwọ̀ ẹnu rẹ̀ á sọ bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe rí:

- bó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí àwọ̀ bísíkíìtì, ara ẹ́ńjìnnì dá;
- bó bá dúdú tó gbẹ bí èédú ìdí ìkòkò, epo ń pọ̀ jù tàbí kí fílítà ti dí;
- bó bá tutù tó ń rùn epo, ẹ ti fà á jù; ẹ nù ún, kí ẹ fi ihò rẹ̀ sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú;
- bó bá gbẹ tó sì mọ́ lẹ́yìn gbogbo fífà yẹn, epo kò dé ibẹ̀ rárá, kabúrétọ̀ ni kí ẹ máa fura sí;
- bí ọ́ìlì bá bò ó, ẹ ti da ọ́ìlì jù, tàbí kí ríìngì ara písítìnnì ti jẹ.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Àlàfo ẹnu rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ mówà máa ń wà láàárín 0.7 sí 0.8 mìlímítà. Bí ẹ kò bá ní géèjì, abẹ ayùn tí à ń fi gé irin nípọn tó nǹkan bíi 0.6 mìlímítà. Kí ó wọ àlàfo náà kí àyè díẹ̀ sì ṣẹ́ kù.

4. Ẹ wò ó bóyá iná ń wá. Ẹ kọ́kọ́ nu epo tó bá dà sílẹ̀, kí ẹ sì gbé agolo epo kúrò nítòsí. Ẹ ki púlọ́ọ̀gì bọ wáyà rẹ̀, ẹ fi ara irin rẹ̀ kan ara irin ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí ihò tí ẹ ti yọ ọ́, kí ẹ di rọ́bà wáyà náà mú, kì í ṣe irin rẹ̀. Kí ẹnìkejì fún irin ọwọ́ mówà mọ́ra, kí ó sì fa okùn. Inú òjìji ni kí ẹ ti wò ó. Bí iná búlúù bá ta, ó dára. Bí kò bá ta, púlọ́ọ̀gì tuntun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo gbà kí ẹ rà, torí kò wọ́n. Bí èyí náà kò bá ta iná, ẹ wo okùn tó wá láti ọwọ́ mówà sí ara ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti já tàbí ó ti ta kókó.

5. Ìdánwò ṣíbí. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ó ń gba owó lọ́wọ́ ìnákúnàá. Ẹ da bẹntiróòlù tuntun tí kò ju ìdajì ṣíbí tíì lọ sínú ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ dá púlọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ padà, kí ẹ fa okùn. Bó bá jí fún ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta tó sì kú, iná rẹ̀ dára, ara rẹ̀ dá, epo ni kò dé ibẹ̀. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ keje. Bí kò bá tilẹ̀ wúkọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú kabúrétọ̀. Ẹ ka ohun tí mo kọ nípa yangi nísàlẹ̀.

6. Fílítà. Ọyẹ́ àti eruku ilẹ̀ pupa wa kì í dá a sí. Bó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un, kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́kànlá-méjìlá sí i, kí ẹ tún fún un kí ọ́ìlì tó pọ̀ jù jáde. Bó bá jẹ́ ti bébà, ẹ má fi omi kàn án, ẹ má fi ọ́ìlì kàn án, ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà pé kó fi afẹ́fẹ́ taya fẹ́ ẹ, torí yóò ya. Ẹ kàn gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí eruku rẹ̀ dà nù. Bí ẹ bá gbé e sókè sí oòrùn tí ìmọ́lẹ̀ kò kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

7. Kabúrétọ̀. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ láti apá ọ̀tún, apá òsì àti ìsàlẹ̀, pàápàá àwọn sípíríǹgì kéékèèké àti ihò tí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ́. Lẹ́yìn náà:

- Ẹ ti ẹnu epo pa bó bá ní kọ́ọ̀kì, tàbí kí ẹ fa epo inú tẹ́ǹkì tán. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀.
- Ẹ fi sípánà 10 tú bóòtù kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ ife kékeré ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀. Ife náà á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú epo inú rẹ̀. Ẹ wo epo yẹn dáadáa. Bí ẹ bá rí ohun tó ń yí bí ìlẹ̀kẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, omi ni.
- Ẹ yọ òrùka rọ́bà tó wà láàárín ife àti kabúrétọ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí àpò. Ẹ má jẹ́ kí carb cleaner kàn án. Yóò wú, kò sì ní wọ ipò rẹ̀ mọ́.
- Ẹ wá jẹ́ẹ̀tì. Bàbà kékeré tó ní ihò láàárín ni. Nínú àwọn mówà kan, ara bóòtù tí ẹ tú yẹn gan-an ni ihò náà wà. Nínú àwọn mìíràn, ó wà lókè nínú òpó àárín, sukudíráfà tí ẹnu rẹ̀ bá a mu géerégé ni kí ẹ fi tú u. Bí ẹ bá fi èyí tó kéré tú u, orí rẹ̀ á jẹ, wàhálà ti dé nìyẹn.
- Ẹ gbé e sókè sí oòrùn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi oòrùn yìí. Ọ̀gá ilé ìwé kan gbé mówà wá, ó ní wọ́n ti ní kí òun ra kabúrétọ̀ tuntun. Mo ní kí ó jókòó tì mí. Mo yọ jẹ́ẹ̀tì, mo fà á lé e lọ́wọ́, mo ní kí ó fi wo oòrùn. Ó ní òun kò rí nǹkankan. Mo bọ́ ara wáyà iná kan, mo fa okùn bàbà ẹyọ kan yọ, mo kì í bọ ihò náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ń yí i láàárín ìka méjì. Ohun kan tó pọ́n, tó le, tó dà bí oje kajú tó gbẹ sára igi, já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, kò tó hóró ìrẹsì kan. Mo fi bẹntiróòlù fọ ọ́, mo dá a padà fún un. Ó gbé e sójú, ó ní, "Háà! Mo rí i." Ìmọ́lẹ̀ tó kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́ ni. Fífà kejì ni mówà yẹn jí.

- Okùn bàbà ni kí ẹ lò. Ẹ má lo abẹ́rẹ́, ẹ má lo píìnì, ẹ má lo irin kẹ̀kẹ́. Bàbà jẹ́ẹ̀tì rọ̀. Bí ihò rẹ̀ bá fẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ, ẹ̀rọ á máa mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, á sì máa rú èéfín dúdú títí ayé rẹ̀.
- Ẹ fín carb cleaner sí gbogbo ihò tó wà lára kabúrétọ̀. Ẹ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ó máa ń tú jáde láti ihò mìíràn, ojú ló sì máa ń wá.
- Ẹ fọ ife, ẹ nù ún gbẹ, ẹ dá òrùka rọ́bà padà sí ojú ihò rẹ̀, ẹ dá bóòtù padà. Kí ó le, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi agbára akọ́mọlé dè é.
- Ẹ da epo sí i, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ń kán, òrùka náà kò jókòó dáadáa tàbí kí ìdọ̀tí wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ tó ń dí epo. Ẹ tún un tú. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì tó ń jò.

Bó bá jí ṣùgbọ́n tí kò balẹ̀

*Ó ń ròkè, ó ń rodò bí ẹni tó ń mí gúlegúle:* jẹ́ẹ̀tì kò tíì là tán. Ẹ padà síbẹ̀.

*Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń kú, bó bá sinmi ó tún ń jí:* ẹ tú ìdérí tẹ́ǹkì díẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ kú. Bó bá sọjí, ihò afẹ́fẹ́ inú ìdérí ló dí. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ.

*Èéfín dúdú:* fílítà tàbí ṣọ́ọ̀kì tí kò ṣí tán. *Èéfín funfun:* ọ́ìlì pọ̀ jù, tàbí kí ẹ ti dà á kodò.

Yangi àti kíì kékeré inú ẹ́ńjìnnì

Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ iyanrìn. Lábẹ́ gbégi àti patanmọ́ tó bo ọgbà, yangi wà níbẹ̀, àti kùkùté kajú tí wọ́n gé kù. Mo ń gé koríko ọgbà kan lọ́nà Ìlọrin lọ́dún kan, abẹ bá yangi pàdé, ẹ̀rọ kú fín-ín. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fa okùn, ńṣe ló ń já a gbà padà lọ́wọ́ mi bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ wọlé. Iná ń ta. Epo ń dé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá a kiri kí n tó ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì.

Lábẹ́ ìdérí okùn, wíìlì ńlá kan wà tó ń ran púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́ láti ta iná lákòókò. Kíì pẹlẹbẹ kan tó kéré ju èékánná lọ ló dì í mú. Wọ́n ṣe kíì yẹn kí ó rọ̀, kí ó lè jẹ́ òun ni yóò gé bí abẹ bá kọ lu nǹkan, dípò irin gbọọrọ àárín ẹ́ńjìnnì. Bó bá gé díẹ̀, iná á máa ta ní àkókò tí kò yẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá ti kọ lu òkúta tí ẹ̀rọ kò sì jí mọ́, ẹ má ra kọ́ìlì. Ẹ ní kí mẹkáníìkì ṣí wíìlì náà níwájú yín. Òun ni kó ṣe é, torí ẹni tó bá fi òòlù lu wíìlì náà láìmọ̀ ọ́n lè fọ́ ọ.

Ẹ rìn yí ọgbà ká kí ẹ tó gé e. Ẹ ṣa òkúta, ẹ ṣa wáyà, ẹ ṣa ìgò.

Abẹ

Bí orí koríko bá ya tó sì funfun lọ́jọ́ kejì tí ẹ gé e, abẹ ti kú. Ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ki pákó sí i kí abẹ má baà yí, kí ẹ tó tú bóòtù àárín. Ẹ fi fáìlì pọ́n ọn lójú kan ṣoṣo, bó ṣe dá tẹ́lẹ̀, tó bíi ìwọ̀n 30 dígírì. Ẹ fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ ìṣó lára ògiri. Bí apá kan bá wálẹ̀, ẹ tún pọ́n apá náà títí méjèèjì á fi dọ́gba. Abẹ tí kò dọ́gba ló ń mú kí mówà máa gbọ̀n, tí gbogbo bóòtù rẹ̀ á sì máa tú. Bí ẹ bá ń dá a padà, etí rẹ̀ tó ká sókè ni yóò kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Ojú yín á yà bí mo bá sọ iye èyí tí mo ti bá lódìkejì. Abẹ tó bá tẹ̀ tàbí tó sán, ẹ má nà án. Ẹ jù ú nù.

Ọ́ìlì mówà

Ọ́ìlì tí wọ́n kọ SAE 30 sí lára ló bá ooru tiwa mu, 10W-30 náà dára. Ọ̀pọ̀ mówà kékeré kì í gbà ju nǹkan bí ìdajì lítà sí 0.6 lítà, nítorí náà ẹ má da lítà odidi sí i. Ẹ máa fi irin ìwọ̀n wò ó bí ẹ ti ń dà á. Ẹ̀rọ tuntun, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí márùn-ún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wákàtí 50, tàbí 25 bí eruku bá pọ̀ níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ dà á jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Brush cutter: àpòpọ̀ epo ni ẹ̀mí rẹ̀

Èyí kò ní ibi tí à ń da ọ́ìlì sí. Inú bẹntiróòlù rẹ̀ ni ọ́ìlì rẹ̀ wà. Ẹni tó bá da bẹntiróòlù lásán sí i, písítìnnì á gbóná, á há, ó sì parí. Mo ti rí èyí tó kú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rà á, torí ọmọ iṣẹ́ rò pé ó dà bíi mówà.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí tẹ́ǹkì tàbí sínú ìwé rẹ̀:

- 25:1 jẹ́ ọ́ìlì 40 ml sí lítà bẹntiróòlù kan, tàbí 200 ml sí lítà márùn-ún
- 50:1 jẹ́ ọ́ìlì 20 ml sí lítà kan, tàbí 100 ml sí lítà márùn-ún

Ọ́ìlì tí wọ́n kọ two-stroke sí lára ni, kì í ṣe ọ́ìlì ọkọ̀. Síríǹjì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ìdérí ìgò kì í ṣe ìwọ̀n. Inú jálá ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti pò ó, kí ẹ mì í, kí ẹ tó dà á sí tẹ́ǹkì. Ẹ kọ nǹkan sára jálá náà kí ẹlòmíràn má baà dà á sínú jẹnẹrétọ̀.

Ohun mẹ́ta mìíràn tó ń yọ wọ́n lẹ́nu: nọ́ọ̀tù abẹ rẹ̀ máa ń tú sí apá ọ̀tún lára ọ̀pọ̀ jù lọ, òdìkejì ohun tí ọwọ́ wa mọ̀, nítorí náà ẹ má fi pàìpù gùn un títí yóò fi kán. Orí rẹ̀ tí jíà wà ń fẹ́ gírísì ní bíi gbogbo wákàtí 25. Bó bá sì ń jí ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ẹ wo àwọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu sàléńsà rẹ̀, èédú ló sábà máa ń dí i. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ gbé e wá

- bí okùn bá ń rọ̀ láìsí agbára kankan tó ń fà á padà;
- bí ẹ bá gbọ́ tí irin ń lu irin nínú rẹ̀;
- bí irin wẹ́wẹ́ bá ń dán nínú ọ́ìlì tí ẹ dà jáde;
- bó bá ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn tí ẹ ti fi abẹ tuntun sí i, torí irin àárín ẹ́ńjìnnì lè ti wọ́.

Ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó kú fún mẹkáníìkì, títí kan òkúta tó bá kọ lù. Àwọn ènìyàn máa ń fi èyí pamọ́, ó sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti ọ̀sẹ̀ kan.

Nínú oṣù kọkànlá, kí ẹ tó gbé e pamọ́

1. Lẹ́yìn gígé ìkẹyìn, ẹ fa gbogbo epo inú tẹ́ǹkì jáde.
2. Ẹ tan án kí ó jó èyí tó kù nínú kabúrétọ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ tún un tan lẹ́ẹ̀kan sí i títí kò fi ní dáhùn mọ́.
3. Bó bá ti tutù, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tú bóòtù abẹ́ ife kabúrétọ̀ díẹ̀ kí epo tó ṣẹ́ kù kán jáde, kí ẹ tún un dè.
4. Ẹ fi pákó ha koríko tó gbẹ mọ́ abẹ́ rẹ̀ kúrò. Omi tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ irin.
5. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì báyìí, ẹ má dúró di oṣù kẹrin.
6. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí ihò rẹ̀, ẹ rọra fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà.
7. Ẹ fi aṣọ bò ó nínú ilé. Ẹ má fi ọ̀rá wé e, torí ìrì á gbé sínú rẹ̀.